Tábìlì Aláwọ̀ Eérú Tí Ìyá Mi Yàn

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé wa kò ju yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré kan lọ. Orí omi ni bàbá mi kọ́ ọ sí, lórí òpó, bíi gbogbo ilé tó wà ní ìletò wa, tí kò jìnnà sí Zion Pepe. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá sáré kọjá, ìgbì á wá gbá àwọn òpó náà, pákó ilẹ̀ á dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn ife orí pẹpẹ á sì máa lu ara wọn. Èmi àti àwọn àbúrò mi máa ń dákẹ́ tẹ́tí sí i, a ó máa sọ ẹni tó ni ọkọ̀ náà láìyọjú wò ó. Ṣáájú ìgbà yẹn, etí òkun gan-an là ń gbé, nínú ilé ńlá tí bàbá bàbá mi kọ́. Òkun ló wá bá wa níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú ibi tí a ti ń yan ẹja, ó mú ilé ìdáná, nígbà tó sì yá, ó wọ pálọ̀. Bàbá mi tú ìwọ̀nba pákó àti páànù tó lè tú, ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó sì fi wọ́n kọ́ ilé kékeré yìí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò bá wa dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Òde Ugbò, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ugbò, ló wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní kó wà níbẹ̀ títí àwa yóò fi ríbi fìdí lé.

Ilé náà dákẹ́ jù láìsí Ìyá Àgbà. Òun ló máa ń jí wa fún àdúrà òwúrọ̀, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń pín iṣẹ́ fún wa: ìwọ lọ fọ pákó iwájú ilé, ìwọ lọ yí ẹja orí iná padà, ìwọ má ṣe bu omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù yẹn wẹ̀, mímu ni. Ó lè wà nínú yàrá, kó mọ ẹni tó ń jí edé jẹ nínú agbada. Ní ọdún yẹn, ìyá mi ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pariwo. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ìyá mi, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló dàgbà sí, láàárín oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tó fẹ́ bàbá mi, kò mọ ọkọ̀ wà, àwọn ìyàwó ilé tó kù sì fi í ṣẹ̀rín títí tó fi mọ̀ ọ́n wà. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí kì í fi í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn àna rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára láti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ló wà lọ́jọ́ tí Bàbá Ugbò mú Ìyá Àgbà wá wo ilé tuntun. Ẹní kan, àga gígùn kan, àga ọlọ́wọ́ méjì, àti àpótí ẹja òfìfo tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà ní pálọ̀. Orí àpótí yẹn là ń gbé abọ́ lé. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò pẹ́ tó fi wò ó tán. Ìyá ìjọ ni. Ní gbogbo Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ìjọ máa ń bá a délé, wọn á jẹun, wọn á kọrin, wọn á parí ìjà ẹni tó bá ń jà. Ó bi bàbá mi pé, "Níbo ni àwọn èèyàn mi máa jókòó sí?" Bàbá mi nawọ́ sí ẹní. Bàbá Ugbò sì mi orí, ó ní, "Àbúrò, Màmá kì í ṣe ẹja tí èèyàn ń tò sínú agbọ̀n. O mọ̀ pé mò ń kó lọ bá àwọn ọmọ mi ní Bìní. Jẹ́ kí n mú un dání." Bàbá mi wo ẹní, ó wo àga gígùn, bí ẹni tó ń ka iye èèyàn tí wọ́n lè gbà.

Ìgbà náà ni ìyá mi jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní Sọ́ńdè kan péré. Ẹ kó àwọn èèyàn yín wá síbí lẹ́yìn ìsìn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá ríbi jókòó, tàbí kò ríbi gbé abọ́ rẹ̀ lé, kí ẹ máa bá ẹ̀gbọ́n lọ sí Bìní, a ò ní yọ yín lẹ́nu." Bàbá Ugbò rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wo ìyá mi fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ní ohùn, ó wá ní, "Mo ti gbọ́. Sọ́ńdè tó máa bẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀." Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Bàbá mi yíjú sí ìyá mi, ó ní, "Kí lo ṣe yìí?" Ìyá mi ní òun kò tíì mọ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní tábìlì ni yóò rà, tábìlì ńlá bíi ti bàbá òun. Gbogbo wa la rántí tábìlì yẹn. Igi dúdú ni, ó gùn débi pé a máa ń sá eré yí i po, orí rẹ̀ ni àwọn àgbà ìdílé ti máa ń jẹun nígbà ọdún. Lọ́jọ́ tí òkun gbé e, bàbá mi dúró lórí iyanrìn, ó rí i tó ń lọ lójú omi pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, àfi báyìí. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó mú okùn àwọ̀n kan, ó ní kí n di ìdí kan mú, àwa méjèèjì sì fi okùn náà wọn pálọ̀ yí ká, láti igun dé igun, ó ń ta kókó sí ibi tí igun kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Ó tún ta kókó ti ilẹ̀kùn, ó ta ti fèrèsé. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Mo fẹ́ gbé ilé wa lọ sí ọjà."

Ọjọ́ ọjà ni àwa mẹ́ta wa ọkọ̀ lọ sí Ìgbòkọ̀dá. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí bàbá mi mọ̀ kò jìnnà sí èbúté. Èèyàn á ti máa gbọ́ ayùn kó tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bí a ti débẹ̀ ni bàbá mi rí tábìlì rẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí itan àgbàlagbà. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú rẹ̀ sì yí padà. Nígbà náà, mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Lẹ́yìn tí èmi náà ti sin òbí, tí mo ti bá ẹ̀wù wọn nínú àpótí, mo mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Ó fi orúkọ mi pe ìyá mi, ó ní, "Ìyá Wùmí, a ti rí i." Ìyá mi kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó dúró níwájú tábìlì mẹ́ta kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú. Wọ́n tò wọ́n bọ inú ara wọn: èyí tó kéré jù wà lábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì wà lábẹ́ èyí tó tóbi. Káfíńtà sọ pé olùkọ́ kan ló ní kí òun kàn wọ́n, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bèèrè wọn.

Ìyá mi ní kí wọ́n gbé ọ̀kan jáde sínú oòrùn. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì funfun kan wá, àti pupa kan. Ó bu omi wọ́n orí wọn, ó fi ìka mú iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ó wọ́n ọn sí i, ó sì fẹ̀yìn rìn kó lè wò wọ́n. Káfíńtà ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń da omi sí lára. Ìyá mi ní, "Funfun yìí á máa ké pè mí láti àárọ̀ dalẹ́ pé kí n wá nu òun. Pupa yìí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojúgun la ó fi máa mọ ibi tó wà." Bàbá mi ní, "Èyí tó kù ńkọ́?" Ìyá mi ní, "Ó jẹ́ jẹ́jẹ́. Kò ní bá ẹnikẹ́ni du àyè ní pálọ̀." Bàbá mi wo tábìlì náà, ó wo ìyá mi. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbàgbé. Ó ní, "Eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Òkun ti kó ilé mi lọ, ìwọ tún fẹ́ kí n gbé eérú wọ inú èyí tó kù?"

Mo wo ìyá mi, mo rò pé yóò padà sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó tú okùn jáde nínú àpò. Ó ní, "Bàbá Wùmí, ẹ má bínú. Tábìlì yín dára. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e wọlé wò." Ó pè mí, a sì tẹ́ okùn náà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, kókó kan ní igun kan, títí ó fi di pálọ̀ wa gẹ́lẹ́. Ó sọ fún káfíńtà pé, "Ilé wa nìyí. Níbí ni ilẹ̀kùn wà. Fèrèsé tó kọjú sí omi nìyí." Wọ́n gbé tábìlì dúdú náà wọlé. Wọ́n to àga yí i ká. Bàbá mi jókòó, orókún rẹ̀ sì kọlu ẹsẹ̀ tábìlì. Ìyá mi wá yíjú sí àwọn obìnrin tó ń ru ẹja kọjá láti èbúté, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ṣe àlejò díẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n wọlé. Àwọn méjì jókòó, ẹnì kan há sí igun, kò lè yí padà. Obìnrin tó gbẹ̀yìn, tó sanra díẹ̀, wá àyè títí, kò rí i, ó wá dúró lẹ́yìn okùn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó pariwo, "Yéè! Ìyàwó, inú omi ni mo wà yìí o! Ẹ fà mí jáde!"

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ó wo okùn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí òkun ti wọ ilé wa, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo ti gbàgbé pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀ wá, tí èjìká rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó dìde, ó tún fi ọwọ́ pa tábìlì dúdú náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ẹ gbé e jáde. Ẹ gbé ti ìyàwó mi wọlé." Wọ́n gbé àwọn mẹ́ta náà wá. Ìyá mi yọ wọ́n jáde nínú ara wọn: ó fi ńlá sáàárín, ó fi èyí tó tẹ̀ lé e sí ẹ̀gbẹ́ àga gígùn, ó fi kékeré sí ibi fèrèsé. Obìnrin tó wà nínú omi wọlé wá, ó jókòó, ó sì tún ku àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, mo ti wọ pálọ̀ púpọ̀, ní Àkúrẹ́ àti níbòmíràn, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ wa máa ń ra ohun èlò fún yàrá tó wà lọ́kàn wa. Ìyá mi ra tirẹ̀ fún yàrá tó wà nílé.

Mi ò sọ pé ẹ̀rù kò bà á. Bí a ti ń gbé àwọn tábìlì náà gòkè láti inú ọkọ̀, obìnrin ilé kejì yọjú, ó ní, "Àwọ̀ eérú kẹ̀? Ta ló kú?" Ìyá mi kí i, ó gbé tábìlì wọlé, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fọ pákó ilẹ̀ títí igi fi funfun, ó gbé àpótí ẹja padà síta, ó fọ aṣọ fèrèsé, ó sì tún un ta. Ní ọ̀sán Sátidé, ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo pálọ̀ náà bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Wùmí, ṣé ó dára?" Mo ní ó dára. Ó ní, "Má parọ́ fún mi." Mo wò ó dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ omi ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń ṣeré lórí àwọn tábìlì náà, ojú kò sì kọsẹ̀ níbì kankan títí dé ògiri. Mo ní, "Ìyá mi, pálọ̀ yìí ti fẹ̀ sí i." Ó mí kanlẹ̀, ó sì dìde lọ gún ewé marúgbó tí yóò fi se ọbẹ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí Sọ́ńdè náà dé, orin ni a kọ́kọ́ gbọ́ lórí omi. Ọkọ̀ kan yọ, òmíràn tún yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Ugbò ti kó èèyàn kún méjèèjì, ó pọ̀ ju iye tí ó máa ń bá Ìyá Àgbà délé lọ. Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tó ń ṣe." Ìyá mi kàn tún gèlè rẹ̀ wé, ó lọ kí wọn lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, pákó ń dún, olúkúlùkù ń wá ibi tí yóò jókòó sí, olúkúlùkù sì ń rí i. Àwọn tí kò fẹ́ àga jókòó sórí ẹní lẹ́bàá tábìlì ńlá, ó sì ga débi tó bá wọn mu. Àwọn ọkùnrin gba iwájú ilé. Àwa ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ kọjá: púpùrù, òkèlè ẹ̀gẹ́, nínú abọ́ funfun, ọbẹ̀ marúgbó tó dúdú minimini, ẹja òbòkún àti akàn. Kò sí ẹni tó gbé abọ́ lé itan. Mo ń wo Bàbá Ugbò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń lọ láti igun kan sí èkejì, ó ń wá ẹni tó dúró. Òun nìkan ló dúró. Obìnrin kan sún díẹ̀, ó ní, "Bàbá, àyè wà níbí," òun náà sì jókòó.

Ìyá Àgbà wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì kékeré níwájú rẹ̀. Kò tíì jẹun. Ó na ọwọ́, ó fi ìka tọ etí tábìlì náà yí ká, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Gbogbo èèyàn rí i pé ó ń yẹ nǹkan wò. Ó ní, "Ta ló yan àwọ̀ yìí?" Ìyá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú àwo ẹja lọ́wọ́. Bàbá mi wọlé láti ìta, ó dúró láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi ni, Màmá. Èmi kọ̀ ọ́ nígbà tó yàn án. Òun ló mọ̀ ọ́n ju èmi lọ." Ìyá Àgbà ní, "Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tábìlì onígíláàsì tó wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ, mi ò rí ìdí rẹ̀, mi ò rí etí rẹ̀, ara mi ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo orókún mi." Ó gbé aṣọ sókè díẹ̀, a sì rí ibi tó ti bó. Ó ní, "Lórí eléyìí, mo rí abọ́ mi. Mo rí ibi tó parí sí." Ó bu òkèlè, ó tọ ọbẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu láìsí ẹni tó darí ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun kò mọ ohunkóhun nípa ojú Ìyá Àgbà nígbà tí òun ń yan àwọn tábìlì náà. Ìwọ̀n pálọ̀ nìkan lòun rò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé kò gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi í, inú àwọn obìnrin ìjọ sì ti dùn kọjá kí wọ́n máa bèèrè. Orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti àwọn tábìlì bọ abẹ́ ara wọn, àárín pálọ̀ là gbalaja, wọ́n sì jó níbẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ní kò ní ríbi jókòó sí. Pákó ń mì, àwọn ife ń lu ara wọn, obìnrin ilé kejì náà sì ti wọlé wá jó láìsí ẹni tó pè é.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, Bàbá Ugbò dìde, ó ní, "Màmá, omi ti ń fà. Ó yá ká máa lọ." Ìyá Àgbà kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ dáadáa. Bí o bá ń bọ̀ lọ́la, bá mi kó àpótí aṣọ mi àti Bíbélì mi wá." Bàbá Ugbò wò ó, ó wo bàbá mi, ó wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n borí nínú eré. Ó na ọwọ́ sí ìyá mi, ó ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Tọ́jú rẹ̀ fún wa." Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àwọn ọkọ̀ ṣí, orin tún bẹ̀rẹ̀ lórí omi, ó ń jìnnà díẹ̀díẹ̀.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ abọ́ mọ́. Ìyá Àgbà ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún Wùmí. Ìwọ ti jẹun?" Ìyá mi ní òun máa jẹ nílé ìdáná. Ilé ìdáná ni ó ti máa ń jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wọlé. Ìyá Àgbà fa tábìlì kejì jáde fúnra rẹ̀, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ní, "Bu tìrẹ wá síbí. Mo fẹ́ gbọ́ bí o ṣe gbé ilé lọ sí ọjà." Ìyá mi gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, ó jókòó ní ojú fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láti orí okùn dé orí obìnrin tó bá ara rẹ̀ nínú omi. Mi ò mọ̀ pé ó lè sọ ìtàn tó báyẹn. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Bàbá mi ké láti iwájú ilé pé, "Oúnjẹ tèmi ńkọ́?" Ìyá Àgbà kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Wọlé wá bù ú. Ọwọ́ ìyàwó rẹ dí."